Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Kòso

Bàtà ni mo wí, kì í ṣe bàtá.
Bàtà aláwọ pupa, okùn rẹ̀ ti já lápá kan,
Ìyáàfin Nambia fi pínnì dè é.
Ó bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Kòso
kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé kó bọ́ ọ.
Èmi ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi,
mo wọlé tòun ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀,
ni Ìyá Ṣàngóbùnmi bá fi ọwọ̀ nà mí lọ́rùn ẹsẹ̀:
"Àlejò mọ̀, onílé ò mọ̀!"

Íńdíà ló ti wá kọ́ wa ní ìṣirò.
Èmi tí mo gba ipò kìíní nínú Gẹ̀ẹ́sì
ni wọ́n ní kí n ṣe ògbufọ̀,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹnu mú ju làákàyè lọ.

Inú ilé náà ṣú. Òórùn epo, òórùn orógbó.
Wọ́n gbẹ́ obìnrin kan sára òpó, ó pọn ọmọ.
Ẹdùn àrá wà nínú ọpọ́n, lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀,
wọ́n dúdú, wọ́n ń dán bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lódò.
Ìyáàfin Nambia ní tẹ́ḿpìlì kan wà lábúlé bàbá òun,
òkúta ibẹ̀, wàrà ni wọ́n ń dà lé e lórí láràárọ̀;
ẹni tó ń sán àrá lọ́dọ̀ tiwọn, erin ló ń gùn.
Mo túmọ̀ ìyẹn dáadáa. Ìyá rẹ́rìn-ín:
"Erin kẹ̀! Ẹṣin ni tiwa ń gùn.
Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ta ni yóò yà fún ta ni?"

Ó wá pìtàn:
bí ọba ṣe fi àrá dánra wò lórí òkè,
tí iná sọ̀ sórí ààfin òun alára,
aya ṣègbé, ọmọ ṣègbé;
bó ṣe jáde nílùú, tí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ń dín, tó ń dín,
títí ó fi ku òun àti igi àyàn kan.
Àwọn ọ̀tá ní ọba so.
Ìyá na ọwọ́ méjèèjì sókè:
"Irọ́ ni! Ọba kò so!"

Wọ́n yíjú sí mi.
So. Mo mọ ọsàn tó so, mo mọ àgbálùmọ̀ tó so.
Okùn ò wá sí mi lọ́kàn rárá.
Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọba náà kò léso.

Ìyáàfin Nambia dákẹ́.
Ó ń wo obìnrin ara òpó.
Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyẹn nílé ọkọ;
gbogbo kíláàsì ló mọ̀, a ti fi rẹ́rìn-ín rí.
Ó ní, "Wọ́n ṣì ń bọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà?"
Mo bi ìyá.
"Títí dòní. Ta ló ní a ò bọ ọ́?"
Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá ò béèrè ìdí,
ó fi orógbó kan sí i látẹ́lẹwọ́,
ó sì ń pa ìka rẹ̀ dé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó tó ogójì ọdún kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.
Mo wà lórí àkàbà lẹ́yìnkùlé,
àbíkẹ́yìn mi ní, "Bàbá, igi yìí ò so lọ́dún yìí."
Mo di ẹ̀ka mú.
Lẹ́tà wo ni n bá kọ? Sí àdírẹ́sì wo?
Kí ni n bá sì gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí a jáde ní Kòso lọ́jọ́ náà, pínnì ti sọnù.
Ó kó bàtà méjèèjì dání,
ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ọ̀dà tó gbóná
títí dé ibùdókọ̀,
orógbó wà lọ́wọ́ kejì, kò jẹ ẹ́.