Ṣọ́bìrì Endel

Òru ti jìn ní Tartu, òjò dídì ń bọ́ láìdún.
Maarika ní kí kọ̀ǹpútà máa fi méje sọ méje di púpọ̀,
iye ìgbà tí nọ́ńbà kan wí,
nọ́ńbà tó gùn ju orúkọ gbogbo ará àdúgbò lọ,
kó fi èyí tó fi ookan jù ú lọ pín in,
kó sọ ohun tó ṣẹ́kù fún òun.

Ẹ̀rọ gbà. Ẹ̀rọ ń mí gùlegùle.
Nọ́ńbà ń wú bí ìyẹ̀fun oníwúkàrà,
ó wú, ó kún àyè,
ẹ̀rọ dákú.

Níta, Endel bàbá rẹ̀ ń kó òjò dídì lẹ́nu ọ̀nà,
ẹ̀ẹ̀kẹta láti ìrọ̀lẹ́.
"Bàbá, ẹ ò ṣe dúró kó dá ná?"
"Kó ga dé òrùlé? Ta ni yóò gbé e?
Díẹ̀ tó bá bọ́ ni mò ń kó."

Ó padà sídìí iṣẹ́, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tutù.
Méje lọ́nà méje: ó pín in, ó mú àṣẹ́kù.
Àṣẹ́kù lọ́nà àṣẹ́kù: ó tún pín in.
Níbi tí ookan bá wà, ó fi méje kan sí i;
níbi tí òdo bá wà, ó kọjá.
Kò jẹ́ kí ohunkóhun ga ju ilẹ̀kùn lọ.

Tíì kò tíì tutù tí ìdáhùn fi dé:
ookan péré.

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fura,
nítorí nọ́ńbà mìíràn mọ irọ́ í pa.
Ó pa méje rẹ́, ó kọ mọ́kànlá.

Níta, ṣọ́bìrì tún ń họ ilẹ̀.