Ìṣẹ́jú Mẹ́tàlá

Iná lọ.
Gbogbo Mọ́kọ́lá pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà,
àfi èmi.

Láti aago méje àárọ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ké,
tí ó ń gbé ìwé mì, tí ó ń bì í síta
bí ẹni tí oúnjẹ kò bá lára mu.
Kàlẹ́ńdà ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó,
ìwé ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òjé
tí wọ́n kọ ìṣirò láìfi àmì sábẹ́ rẹ̀.
Ọ̀gá Láoyè ní kí n kà á, kí n gé e, kí n dì í.
Oníbàárà ní òun ti wà lọ́nà, òun ti dé Sángo.
Fóònù kan ń dún: owó ilé-ìwé Tinúọlá.
Fóònù kejì ń dún: ẹ̀gbọ́n mi,
ó ní ṣé mo ti gbàgbé pé ìyá kan náà ló bí wa.
Ọwọ́ méjì, iṣẹ́ mẹ́fà.
Orí mi dà bí ìdí ẹ̀rọ yẹn,
ó gbóná, ó ń gbọ̀n, ó ń rùn bí epo.

Ni iná bá lọ.

Ọ̀gá ní kí Mùfú tan jẹnẹrétọ̀.
Mùfú ní kò sí bẹntiróòlù.
Ọ̀gá ní kó gbé kẹ́ẹ̀gì, kó sáré.
Èmi ti gba ẹ̀yìn ilé jáde.

Kò sí nǹkan ńlá níbẹ̀, ẹ má retí òdòdó.
Ògiri kan tí òjò ti kùn ní àwọ̀ ewé,
garawa tó ṣẹ́ létí, tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀,
táǹkì omi onílé, tí ń jò
láti ọdún tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí.
Mo jókòó. Mo bọ́ bàtà.
Sìmẹ́ńtì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi
bí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ mí.

Tó.

Ọkàn mi ṣì ń yí bí ẹ̀rọ:
igba ìwé ló kù láti gé,
ta ni mo ní n óò pè padà tí n kò pè?

Tó.

Alángbá kan gun ògiri, ó wò mí,
ó gbé orí sókè, ó gbé e sílẹ̀.
Àwọn àgbà ní ara rẹ̀ ló máa ń yìn.
Tòní, mo gbà á fún ara mi.

Tó.

Ni mo rántí bàbá mi ní Yemẹtu,
lórí pèpéle, kí ilẹ̀ tó mọ́,
ọwọ́ lórí orúnkún, kò mú tẹ̀sùbáà, kò tan rédíò.
Gbèsè ni mo rò pé ó ń rò.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo bi í:
"Bàbá, kí lẹ ń rò?"
Ó ní, "N kò ro nǹkan kan, Mùlíkà.
Ọjọ́ ń bọ̀ wá gbé mi lọ.
Mo fẹ́ kó bá mi nílé ni."

Kò yé mi.
Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀, lórí garawa,
kò tíì yé mi tán,
ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Tó.

Èémí mi ni mo wá ń gbọ́.
Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, tó ń wọlé, tó ń jáde,
bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kí.
Mo kí i.
Pẹ̀lẹ́ o. O kú iṣẹ́.

Ìbàdàn kò dákẹ́ o, kò mọ̀ ọ́n ṣe:
ọ̀kadà, oníbúrẹ́dì,
ọmọ kan tó ń ké pé òun kò ní í wẹ̀.
Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.
Kò sí èyí tó pè mí lórúkọ.

Àdúgbò hó yèè: iná ti dé!
Ẹ̀rọ húkọ́, ó tún mú igbe rẹ̀ bọ ẹnu.
"Mùlíkà!" Ọ̀gá nìyẹn.
Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá péré, fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀,
lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò mi
bí ẹyẹ tí a há mọ́.

Mo ń bọ̀.
Mo rí bàtà kan. Èkejì ti yí sábẹ́ táǹkì.
N kò yára fà á.
Mo dúró kí omi kán lẹ́ẹ̀kan sí i.