Ibo Ló Forí Sí?

Kì í ṣe àwọ̀ la fi ń mọ ejò,
bẹ́ẹ̀ ni Akíndúró, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, máa ń wí
nínú oko kòkó wa lẹ́bàá Òwènà,
níbi tí ewé gbígbẹ ti tẹ́ bí ẹní láti ìdí igi dé ìdí igi,
tí ohun gbogbo sì pupa rúsúrúsú bí ara wọn.
Àwọ̀ a máa purọ́, ó ní.
Ejò dúdú méjì lè pàdé rẹ lójú ọ̀nà kan náà:
agbádú ń wá ibi tí yóò sá gbà,
sèbé ń wá ojú rẹ.
Bó bá nàró, tó fẹ ọrùn bí abẹ̀bẹ̀,
má dúró bi í léèrè orúkọ.
Fapá bojú, fi ẹ̀yìn rìn;
itọ́ rẹ̀ a máa dé ojú èèyàn kí eyín rẹ̀ tó dé.

Ọká ló ṣòroó rí jù.
Ó sanra, ó rẹwà,
orí rẹ̀ bí ewé kòkó tó já lánàá.
Kì í sá. Kí ló fẹ́ sá fún?
Mo ti ré e kọjá lẹ́ẹ̀kan, mi ò mọ̀.
Akíndúró ló rí i láti ẹ̀yìn, kò sì pariwo
títí mo fi gbé ẹsẹ̀ kejì kúrò.

Ọdún tí kòkó wọ́n, nínú oṣù Ọ̀wàrà,
Bọ́sẹ̀dé àbúrò mi ń kó èèpo kòkó jọ,
ó kígbe lẹ́ẹ̀kan péré.
"Mọ́námọ́ná ni," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín ìtìjú,
"ó ká jọ rogodo, ó lámì lára, kò ṣe nǹkan."
Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú kó tó sọ̀rọ̀ tán.
Akíndúró kò wo ẹsẹ̀ náà lákọ̀ọ́kọ́.
Ohun kan ṣoṣo ló bi í:
"Nígbà tó ká jọ, ibo ló forí sí?"

Bọ́sẹ̀dé ronú.
"Òkè," ó ní. "Ó gbé e lé ara rẹ̀ lórí."

Mọ́námọ́ná a máa kó orí rẹ̀ pamọ́ sáàárín ara
bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.
Paramọ́lẹ̀ a gbé tirẹ̀ sókè
bí onílé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n mú abẹ wá, ó gbà á sọ nù.
Wọ́n mú okùn wá, ó ní kí wọ́n lọ fi so ewúrẹ́.
Ó gbé e sáàárín ara rẹ̀ àti Lásúnkànmí ọlọ́kadà:
"Má mira, má sunkún,
jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn rò pé o ń sùn."
Nígbà tá a dé ọsibítù ní Oǹdó,
kò sọ fún nọ́ọ̀sì pé ejò ni.
Ó ní: "Paramọ́lẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀,"
bí ẹni ń ka owó gbèsè sọ́wọ́ olówó.

Bọ́sẹ̀dé ń tiro díẹ̀ títí dòní, lásìkò òjò.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ èyí tó kù.
Ó ti bí ọmọkùnrin kan rí, Akínkúotu,
tí ejò bù jẹ nídìí ọsàn,
tí bàbá rẹ̀ wo àwọ̀ ejò náà
tó ní, "Kò ṣe nǹkan, lọ fomi ṣan án."

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé báyìí, ní Ọ̀bà-Ilé.
Lálẹ́ àná, ariwo sọ lẹ́yìn táǹkì omi:
tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, igi mẹ́fà, àwọn ọmọ láìwọ bàtà.
"Ìyá Mofẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ ejò, èwo nìyí?"
Mo tan iná sí i.
Ó gùn, ó dúdú, ìdajì rẹ̀ ti wọ abẹ́ búlọ́ọ̀kù.
Orí rẹ̀, mi ò rí i.
A kì í forí ejò họ imú,
a kì í sì í fẹnu lásán sọ ọ́ lórúkọ.
"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni mo wí.
"Gbogbo yín, ẹ sún sẹ́yìn."
Ojú tì mí díẹ̀.
Lẹ́yìn náà, kò tì mí mọ́.