Ìdérí Mẹ́fà

Ọyẹ́ dé sí Pàkátà, Mọ́ríámọ̀ ọmọ mi gbé àkàbà.
"Bàbá, lónìí ni àjà yìí yóò mí."

Ìwé àwòrán ilẹ̀ ló kọ́kọ́ já bọ́.
Nínú rẹ̀, Lọ́kọ́ja ṣì wà ní Kwara,
wọn ò tíì pín ogún.
Mo fi ìka tọ odò Ọya lọ, mo tọ̀ ọ́ bọ̀,
eruku gba ìka mi.

Ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù:
Sáádù Oníkẹ̀kẹ́, nọ́ńbà márùn-ún péré.
Ta ni yóò gbé e?
Ilé ọ̀hún ti di ilé epo,
Sáádù ti di ẹni à ń ṣe sàráà fún.

Ìwé ìṣirò, ti ayé sílè àti kọ́bọ̀,
ikán ti kà á tán kí n tó kà á dé ìdajì.
Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Rédíò tí kò nífun,
áyọ́ọ̀nù eléèédú,
ìdérí mẹ́fà tí kò ní ìkòkò.
"Kí lẹ wá ń tọ́jú wọn fún?"
Mo ní bóyá ìkòkò á padà wá.
Ó rẹ́rìn-ín títí àkàbà fi mì.

Èyí tó ní orúkọ Ọlọ́run, a yà á sọ́tọ̀;
ìyẹn kì í rí ààtàn,
a gbẹ́ ilẹ̀ fún un lábẹ́ máńgòrò.
Ìyókù, Láwànì fi bárò kó o lọ fún ẹlẹ́pà.

Lálẹ́, mo gbójú sókè.
Afẹ́fẹ́ ń rìn lájà bí àlejò
tí kò mọ ibi tí yóò jókòó.

Ìdérí kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.
Ẹ má sọ fún Mọ́ríámọ̀.