Ojú-Ìwé Tí Kò Ní Kọ́kọ́rọ́

Inú àpótí ni ìwé regbérègbé wa ń gbé tẹ́lẹ̀,
ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa.
Ọwọ́ Káṣímáawò ni kọ́kọ́rọ́ wà,
akọ̀wé wa fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó kù lápò
á rìn dé Àtìkorí, á kí i, á tún un kí,
á jókòó ti omi tútù
títí akọ̀wé yóò fi jí lójú oorun ọ̀sán.
Nígbà tó kú, a wá kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ẹní,
a wá a nínú àpò agbádá mẹ́rin.
A gbé àpótí lọ sí ilé ìlagi, ayùn là á sí méjì.
Ikán ló kí wa káàbọ̀.
Wọ́n ti ka ìwé náà tán,
wọn ò sì ròyìn fún ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ afárá ti dé ìdajì.
Òpó méjì dúró láàárín odò Apamọ
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.
Àwọn ọmọ iléèwé Òkè-Àgbò ṣì ń ká ṣòkòtò sókè,
bàtà lórí, ìwé lábíyá.

Múìbátù, tó kéré jù nínú wa,
ló ní ká kó gbogbo ọ̀rọ̀ sórí wíkì.
Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?
Ó ní ojú-ìwé kan ni, nínú fóònù,
gbogbo wa la lè kọ ọ́,
gbogbo wa la lè tún un kọ.
Ràímì fọwọ́ gbá itan:
"Kí n kọ̀wé, kí ẹlòmíì pa á rẹ́?
Ìjẹ̀bú wo ló ń ṣí ìwé owó sílẹ̀ lẹ́bàá títì?"
A rẹ́rìn-ín. Òun gan-an ló jẹ gbèsè ọdún méjì.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, rúdurùdu ni.
Ẹfúnyẹmí kọ àádọ́ta àpò sìmẹ́ǹtì,
ilẹ̀ mọ́, ó ti di àádọ́rin.
Ariwo ta. Ta ló fẹ́ fi ogún àpò kọ́lé?
Múìbátù kò bá wa pariwo.
Ó ṣí ẹ̀yìn ojú-ìwé náà,
níbi tí gbogbo ohun tí a pa rẹ́ ń sùn sí, tí wọn ò kú.
Orúkọ jáde: Ràímì,
aago méjì òru kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ràímì fajú ro.
Ó ní òun lọ wo odò lẹ́yìn òjò ni,
pé omi ti gbẹ́ ìdí òpó kejì,
pé àádọ́ta kò ní tó.
A mú tọ́ọ̀ṣì, a lọ wò ó.
Òótọ́ ni.
"Kí ló dé tí o ò kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀?"
Ó wolẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan máa kà á."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá yí nǹkan, á kọ ìdí.
Pákó: Ọ̀nàfówókàn, ó di Ọjọ́bọ̀.
Iyanrìn: Ṣówándé, láti Lọ́ńdọ̀nù, owó ti wọlé.
Iṣẹ́ tí kò bá ní orúkọ lára,
ọmọ òrukàn ni; kò sẹ́ni tí í wẹ̀ fún un.
Ti ìwé tí ikán jẹ,
oníkálukú kọ ohun tó rántí.
Ìrántí wa kò dọ́gba,
a fi wọ́n síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
lábẹ́ orúkọ Káṣímáawò.

Lálẹ́ àná mo ṣí ojú-ìwé náà.
Àkọlé rẹ̀ ni: Afárá Tí A Ń Kọ́.
Mo ti rí ọmọ tó kọjá lọ́sàn-án, bàtà lẹ́sẹ̀.
Mo pa "Ń" rẹ́.
Lẹ́tà kan ṣoṣo,
ọdún mẹ́fà sì parí.
Mo sùn bí ọba.

Nígbà tí mo jí, "Ń" ti padà sáyè rẹ̀.
Ràímì ni, aago mẹ́rin ìdájí.
Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ ìdí:
Irin àfọwọ́dì kò tíì sí lápá òsì.
Ọmọ lè ṣubú.