Bẹ́ẹ̀

Ní Ṣómólú, lójúlé kẹtàdínlógún, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé
kì í jẹ́ kí ọmọ ìkókó sùn,
Lọ́yà Dáwódù ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní kí n tẹ BẸ́Ẹ̀ NI,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún, lórí pépà tó ń dán.
"Ilé tí kò lófin, ojú ọ̀nà ni," ó ní,
"ẹni tó wù ló ń gba ibẹ̀ kọjá.
Ẹni tó ní òun ò ní wọ aṣọ àfi èyí tó pé,
ìhòòhò ni yóò fi ṣọdún."

Kò tíì jókòó tán tí Tíṣà Ẹfúnṣeun fi yọjú,
ìyá tó kọ́ ìdajì Bàrígà ní ìwé kíkà.
BẸ́Ẹ̀ KỌ́ ni tirẹ̀, ẹgbẹ̀ta péré,
pépà tó bá sáà ti lè gba yíǹkì.
Ìwé òfin náà wà lábíyá rẹ̀, ó ti fi bírò pupa fàlà sí i
bí iṣẹ́ àṣetiléwá.
"Aṣọ kọ́ nìyí, Dáwódù. Aṣọ ṣeé tú.
Ìpìlẹ̀ ni. Bó bá wọ́ lónìí,
ọmọ wa ni a ó máa fi ti ògiri.
Ka ojú ewé kọkànlélógójì: etí omi di ti ìjọba.
Ta ló bi ará Mákókò?"

"A ó tún un ṣe bó bá yá."

"Ta ni A?"

Lọ́yà wo àjà.
Múfú, ọmọ iṣẹ́ mi, dáwọ́ pépà gígé dúró.

Èmi ń to lẹ́tà. Onípákó ni, ogún bàbá mi,
Ẹ méjì péré ni eku kò jẹ.
Nítorí náà BẸ́Ẹ̀ kan ni mo tò
fún àwọn méjèèjì;
ọ̀rọ̀ kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń pààrọ̀.
N kò sọ fún wọn.

Mo fa ẹ̀dà àkọ́kọ́ fún Tíṣà. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.
"Àmì orí Ọ dà? O tẹ BẸ́Ẹ̀ KỌ.
O ní kí wọ́n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ!"
Lọ́yà bú sẹ́rìn-ín: "Ó ti di tèmi!"
Ìyá náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín,
ó fa bírò yọ, ó fi àmì náà sí i fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ìbò.
Lọ́yà ṣì jẹ mí ní ìdajì owó.
Tíṣà san tirẹ̀ pé, owó tó ti rún.
Nígbà tí a ń tilẹ̀kùn, Múfú ní, "Ọ̀gá, èwo lẹ máa dìbò fún?"
Mo wo ọwọ́ mi. Yíǹkì àwọn méjèèjì dúdú bákan náà.
Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò bọ́.