Ṣúgà Méjì

Láti alẹ́ àná, kò jẹ nǹkan kan, omi nìkan ló mu.
Ó jókòó sórí àga ní ilé ìwòsàn Zonguldak,
bàbá arúgbó, èékánná rẹ̀ dúdú síbẹ̀
lẹ́yìn ogún ọdún tó ti gòkè kúrò nínú ihò èédú.
Ó yọ ṣúgà méjì nínú àpò, onígun mẹ́rin,
èyí tí wọ́n fi ń mu tíì, ó fi ìwé ìròyìn wé e.
"Ọmọ mi, bá mi tọ́jú ẹ̀. Bí mo bá jáde, màá mu tíì."

Satılmış lorúkọ rẹ̀: A-ti-tà-á.
Ìyá rẹ̀ sin mẹ́ta kó tó bí i,
ló bá fún un lórúkọ ohun tí kò sí nílé mọ́,
pé bí ikú bá kanlẹ̀kùn, kí wọ́n lè ní: o ṣi ilé.

Ṣúgà tèmi kì í ṣe ti tíì.
Inú àpótí òjé ni mo ti ń mú un jáde,
ṣúgà tí wọ́n so ìtànṣán mọ́ nídìí;
àárọ̀ ni wọ́n pò ó, alẹ́ ló ń kú.
Mo tì í sínú iṣan apá rẹ̀,
mo ní kó sinmi, kó má sọ̀rọ̀,
nítorí ẹnu tó bá ń sọ̀rọ̀ náà ń jẹ nínú rẹ̀.
Gbogbo ara ló máa tọ́ ọ wò.
Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kì í tọ́ nǹkan wò:
wọ̀bìà ni, àwo ló ń lá,
ibi tó bá sì ti ń jẹun, ibẹ̀ ló máa ń tàn.

Kókó kan ni wọ́n mọ̀, lókè ẹ̀dọ̀fóró òsì,
kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ.
Dókítà Tuncay ti ń pọ́n ọ̀bẹ dè é ní Ọjọ́bọ̀.
Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ó ń dá gbé ni,
àbí ó ti rán ọmọ lọ sílé ibòmíràn?
Ta ni í yọ ìyá, tí í fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú eegun,
kó tún ní òun ti wo aláìsàn sàn?

Mo jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Ibùsùn wọ inú òrùka lọ díẹ̀díẹ̀.
Ó ní ó jọ kẹ̀kẹ́ tó ń gbé àwọn lọ sábẹ́ ilẹ̀,
àfi pé ibí yìí mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń búra.
Ọpọlọ tàn, bó ṣe máa ń tàn.
Ẹ̀dọ̀ dákẹ́. Eegun ìbàdí dákẹ́.
Mo ń ka egungun ìhà bí ẹni ń ka owó oṣù.
Kókó náà ń jó lókè bíi sìgá lókùnkùn.
Lẹ́yìn náà ni mo rí wọn:
mẹ́ta, rárá, mẹ́rin, láàárín àyà, lẹ́bàá ọ̀nà èémí,
wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi.

Ojú mi rí, ẹnu mi kò gbọdọ̀ sọ. Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn.
Ó ń wọ bàtà, ojú mi ló ń wò.
Mo ní: dókítà á bá yín sọ̀rọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní báyìí náà ni akọ̀wé ṣe dáhùn
lọ́jọ́ tí ihò kẹta wó.

Àmọ́ èédú náà mọ iná dá.
Eruku tó ti sùn sáyà awakùsà láti ìgbà èwe
a máa bínú, a máa jẹ ṣúgà, a máa tàn
bí ọ̀tá gan-an. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀.
Ó dọwọ́ abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa kì bọ ọ̀nà èémí rẹ̀,
kó lọ bi àwọn mẹ́rin yẹn léèrè: ọmọ ta ni yín?

Wọn kì í sọ èsì fún wa. A ó yàwòrán, a ó pe ẹlòmíràn wọlé.
Ọjọ́bọ̀ kan kọjá, èkejì kọjá.
Ní ìkẹta, mo ń kọjá níwájú pátákó yàrá iṣẹ́ abẹ,
mo rí Satılmış, ìlà kejì, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́.
Pẹ́ńsù. Ohun tó ṣeé pa rẹ́.

Mo padà sídìí tábìlì mi. Èèrà ti débẹ̀,
wọ́n tò láti ojú fèrèsé dé inú ìwé ìròyìn,
láìsí ẹ̀rọ, láìsí òjé.
Mo gbọ̀n wọ́n dànù. Ọ̀kan ti di ìyẹ̀fun.
Mo fi ìwé tuntun wé èyí tó kù.